Òjò Rọ̀, Ẹ̀fọ́ Hù, Ará Gbági Ń Wá Àbùlà

Ẹ̀yin ará Gbági, ọlọ́jà aṣọ n'Ìbàdàn, tí ẹ lè fọwọ́ pa léèsì nínú òkùnkùn, kí ẹ sì sọ ìlú tí wọ́n ti hun ún, ọdún tó wọ Nàìjíríà, àti irọ́ tí ẹni tó gbé e wọlé pa fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, ọgbọ́n yín ò kéré. Ìbéèrè kékeré kan ni mo mú wá. Bí mo bá kó ẹ̀fọ́ wọ̀rọ̀wọ́ àti ẹ̀fọ́ amúnútutù sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùmọ́gàjí níbẹ̀ yẹn, èwo ni wọ̀rọ̀wọ́? Ẹ má wojú ara yín. Ẹ má sì wo ọmọ tó ń bá yín ṣọ́ ọjà. Ọmọ oko Àkànrán ni, ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù yín ló ń bà á.

Oṣù Kẹta la wà yìí, òjò àkọ́rọ̀ ti kan ilẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ìgbà ìrúwé nìyí: òtútù ń lọ, igi ń yọ ewé, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà àgbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á máa gbóòórùn kárọ́ọ̀tì bí ẹni ń ra tùràrí. Ẹ̀fọ́ kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní asparagus. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, tó jẹ́ ọjọ́ St George, ni wọ́n máa ń sọ pé ìkórè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó bá sì di ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, ó parí. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n fún ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ ìkómọjáde, wọ́n tún fún un lọ́jọ́ ìsìnkú. Tó bá ti di ìgbà náà, àǹtí yín tó wà ní Peckham á máa ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, á máa sọ pé oúnjẹ àsìkò nìkan lòun ń sè báyìí. Àǹtí, ẹ kú ìgbádùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún tí ẹ fi gbé ní Bẹẹrẹ, kí lẹ sè tó ju tẹ̀tẹ̀ àti ewédú lọ? Ẹ̀yìnkùlé yín ni gbúre ti ń hù, ẹ̀yin lẹ ń da omi aṣọ sí i lórí.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bí ẹnì kan bá wà tó yẹ kó máa fi oúnjẹ àsìkò yangàn láyé yìí, ọmọ Ìbàdàn ni. Ẹ tún oríkì yín gbọ́. Ìtàn ní nígbà tí Ìbàdàn àkọ́kọ́ tú, Lágelú tó tẹ ìlú náà dó àtàwọn ọmọ rẹ̀ sá gòkè lọ, èso òro àti ìgbín ni wọ́n jẹ tí wọn ò fi kú, ìkarahun ìgbín ọ̀hún náà ni wọ́n sì fi fọ́ ẹ̀kọ mu. Wọn ò béèrè pé ṣé ẹran wà. Ohun tí igbó gbé sílẹ̀ ni wọ́n ṣà. Lónìí, àwọn òyìnbó ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ èèyàn láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣa oúnjẹ nínú igbó. Lágelú ti ṣe tiẹ̀ láìsí fóònù tó máa fi yà á. Kí ló sì tú ìlú àkọ́kọ́ yẹn gan-an? Wọ́n ní aṣọ bọ́ lára egúngún láàárín ọjà, àwọn ọlọ́jà bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ dé Ọ̀yọ́, ogun dé. Ẹ̀rín ọjà ló fọ́ ìlú. Nítorí náà, tí mo bá ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ báyìí, àṣà ìlú ni mo ń tẹ̀ lé, ẹ má wulẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́.

Ọmọ ajẹ̀gbín ló wá di ọmọ ajàbùlà láti Ṣẹ́rẹ́ títí dé Ọ̀pẹ.

N ò kórìíra àbùlà o, kí ìyá kankan má fi ìjábẹ̀ lé mi. Gbẹ̀gìrì tó kúnná, ewédú tó fà, ata díndín tó léfòó lókè, ta ló máa rí i tí kò ní fọwọ́? Bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ ni ìṣòro. Nínú oṣù Kejì tí ilẹ̀ gbẹ, tó jẹ́ pé àgbẹ̀ ní láti máa pọnmi odò rin ewédú, tí ewé rẹ̀ ò tóbi ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, tí owó rẹ̀ sì gorí àjà, ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ lẹ ń rà á. Ẹ ó máa ráhùn, ẹ ó máa bú ìjọba, ẹ ó rà á. Òjò wá dé. Ewédú fẹ̀ lójú, ó gbọ̀pọ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ sì tẹ̀ lé e wá: ẹ̀bọ̀lọ̀, gbúre, òdú, wọ̀rọ̀wọ́, amúnútutù, yánrin, gbogbo wọn jókòó lórí àtẹ, wọ́n ń wojú yín. Ẹ ó rìn kọjá lára wọn bí ẹni rí àna tó jẹ lówó, ó di ọ̀dọ̀ ewédú.

Àwọn ará Èkó wá ń bá yín ba nǹkan jẹ́. Tó bá di Sátidé, wọ́n á wa mọ́tò gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà, wọ́n á jókòó ti àmàlà, wọ́n á ya fọ́tò ẹran, wọ́n á padà sílé. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí n'Ìbàdàn. Wọ́n á ní ṣàkì.

Ẹ tiẹ̀ wo ọdún Òkèbádàn, nínú oṣù Kẹta yìí kan náà. Gbogbo ayé ni ewé tuntun yọ sí tí wọ́n dáná sí. Àwa la ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí iná ò gbọdọ̀ jó, tí èéfín ò gbọdọ̀ rú nílé ẹnikẹ́ni. Ọjà á tì, àdògán á tutù, Abọ́kẹ̀, àwòrò òkè náà, á dirun, á múra bí obìnrin, á gòkè lọ ṣe ohun tó yẹ ní ṣíṣe fún ìlú. Àwọn ọ̀dọ́ á gba títì, wọ́n á máa kọ orin tí n kò lè kọ síbí torí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń kàwé yìí fún bàbá wọn. Wọ́n á dárúkọ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ṣòkòtò yín, wọ́n á sọ bó ṣe rí, ẹ ò sì gbọdọ̀ bínú. Mo bi ìyá kan ní Mápó bóyá kò nira fún un láti wà láìdáná látàárọ̀ dalẹ́. Ó ní ọjọ́ náà lòun máa ń sanra jù lọ́dún, nítorí ọkọ òun ò ní bi òun pé kí ni wọ́n fẹ́ jẹ.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé èyí tó ga jù. Ìlú tí ò mọ ẹ̀fọ́ yìí náà ni wọ́n kó gbogbo ọ̀mọ̀wé ẹ̀fọ́ jọ sí. Moor Plantation, oko ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti wà n'Ìbàdàn láti ayé òyìnbó amúnisìn. Ibùdó ìwádìí IITA dé ní 1967. NIHORT dé ní 1975, tó jẹ́ pé èso àti ewébẹ̀ gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, wọ́n kọ́ ọ sí Ìdí-Iṣin, ní Jericho. Àwọn ọ̀mọ̀wé wà níbẹ̀ tí wọ́n máa sọ fún un yín láìwòwé pé Crassocephalum crepidioides ni ẹ̀bọ̀lọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Bẹyẹrunka, tó dàgbà síbẹ̀, kò mọ̀ ọ́n ní Látìnì, kò mọ̀ ọ́n ní Yorùbá. Ó rí i tó hù lẹ́yìn ilé, ó ní koríko ni, ó gbé ọkọ́, ó ro ó dànù, ó fọ ọwọ́, ó wá wọ takisí Màíkírà lọ ra ẹ̀fọ́.

Màíkírà! Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà ná.

Gbági tí mo ń bá wí yìí, èyí tó wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́ ni, tí ìjọba fi sọrí Bọ́lá Ìgè, tí gbogbo ayé sì ń pè ní Gbági síbẹ̀. Kì í ṣe Gbági àkọ́kọ́ lẹ́bàá Dúgbẹ̀, níbi tí àdúgbò àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nì ṣì ń jẹ́ Lebanon Street dòní. Ní Gbági méjèèjì, aṣọ ni aṣọ ń jẹ́. Èèyàn lè ra àǹkárá tó yẹ ọba níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀bọ̀lọ̀ tútù gbọ́dọ̀ forí lé Ọjà'ba tàbí Bódìjà. Ni ẹ bá wọ Màíkírà. Méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, ìyá kan tó gbé adìẹ lé itan kò sí nínú ìṣirò. Ó dé Bẹẹrẹ, dẹ́rẹ́bà ní kí ẹ sún mọ́ra. Ibo la fẹ́ sún sí, bùọ̀dá? Ìgbín ẹlòmíì ti ń gun gèlè mi lọ.

Ọmọge kan ń bẹ nínú mọ́tò náà tó ti wo fídíò oúnjẹ àsìkò títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Gbági ló ti ń bọ̀, ó ti ná owó oṣù rẹ̀ sórí léèsì àlejò ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wá fẹ́ fi ìyókù ra ẹ̀fọ́, kó lè sọ pé òun ń tọ́jú ara. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ l'Ọ́jà'ba.

"Ẹ kú ọjà, mà."

"Ẹ kú àbọ̀, Àǹtí mi arẹwà. Kí lẹ fẹ́? Sọkọ ń bẹ, tẹ̀tẹ̀ ń bẹ, ẹ̀bọ̀lọ̀ rè é, òní la ká a."

"Mà, ṣé ọ̀gáníìkì ni?"

"Ọ̀gá ta ni?"

"Ọ̀gáníìkì, mà."

"Kò sí ọ̀gá kankan nínú ẹ̀, ọmọ mi. Ọkọ mi ló gbìn ín, òun ló ń dá ara ẹ̀ ṣe é."

Ìdáhùn tó pé nìyẹn, kò sí ilé-iṣẹ́ òyìnbó kankan tó lè tún un ṣe. Ọmọge sì rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bá òun dín in. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó léèsì láìbéèrè ẹ̀dín ní Gbági, torí ojú ń tì í lójú àwọn ọ̀rẹ́, ló dúró níwájú ìyá arúgbó, tó ń bá a ná ìdì ẹ̀fọ́ kan fún odidi wákàtí. Ó tún ní kí wọ́n fi ẹ̀ní sí i.

Kí ẹ má rò pé ẹ̀yìn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni mo wà pátápátá. Màmá, ẹ má tíì yìn mí. Ẹ̀yin lẹ máa ń to èyí tó tutù yọ̀yọ̀ síta, tí ẹ fi èyí tó ti pọ́n bí ọsàn sáàárín, kẹ́nikẹ́ni má sì tú ìdì náà wò, àfi kó délé. Ẹ̀yin lẹ ń wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀fọ́ tó ti gba ìpè àwọn baba ńlá rẹ̀ láàárọ̀ á tún jí dìde ní ọ̀sán. Ẹ̀ní tí ẹ wá ń fi sí i, ewé mẹ́ta, ọ̀kan ti lu. Ẹ ó sì ní, "Ẹ gbà, torí pé ẹ̀yin ni." Ta wá ni ẹ kì í fún?

Ẹ jẹ́ kí n yára fọwọ́ ba tòmáàtì, nítorí ẹ̀sùn ẹ̀ ti pọ̀ jù. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tòmáàtì òkè Ọya ń wọlé ní apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Òjò bá dé, owó rẹ̀ á sáré gòkè, ni tòmáàtì Yorùbá á bá yọjú, kékeré, tó kan gógó. Ẹ ò fẹ́ ẹ. Ní 2016 tí kòkòrò Tuta absoluta run oko tòmáàtì ní Kàdúná, tí apẹ̀rẹ̀ kan di ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rí gbé, èmi rò pé ẹ máa kọ́gbọ́n. Ẹ̀yin kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ẹ ń sọ̀fọ̀, tòmáàtì Yorùbá sì ń wò yín láti orí àtẹ kejì. Ata rodo àti tàtàṣé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ta ló sọ fún yín pé ọbẹ̀ tí kò pupa kì í ṣe ọbẹ̀?

Agbálùmọ̀ náà ní ẹjọ́ tiẹ̀. Inú oṣù Kejìlá ló ti ń yọjú, tí òjò ò tíì kàn án. Àgbà tó bá ní ìfarabalẹ̀ á dúró. Ẹ̀yin ará Gbági kì í dúró. Oníbàárà ń bẹ níwájú yín, ẹ gbé agbálùmọ̀ kíkan sẹ́nu, ojú yín kán sí ọ̀tún, ẹnu yín yí sí òsì. Oníbàárà rò pé owó tóun pè ló rí bẹ́ẹ̀ lójú yín, ló bá fowó kún un láìbéèrè. Ó dára, mo dákẹ́ lórí ìyẹn. Ọgbọ́n ọjà ni.

Ẹ̀yin ọkọ wọn, ẹ má fẹ̀yìn tì, ó kàn yín. Ìyàwó bá fi ìpá gbọ́n, ó se ẹ̀bọ̀lọ̀, ẹ ṣí ìkòkò, ẹ ní ó ń rùn. Ọkùnrin tó jẹ irú pẹ̀tẹ̀ láàárọ̀, tó jẹ pọ̀nmọ́ ní ọ̀sán, tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì ti jẹ́ kí àwọn ará ilé kó sí pálọ̀ kejì, òun ni imú rẹ̀ ń yan ẹ̀fọ́ jẹ. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin yìí á lọ jókòó níbi ọtí, á ra ìgbín aláta mẹ́ta tí wọ́n fi igi gún, á san owó tó tó ra apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ kan, á máa jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìgbéraga. Bàbá ńlá rẹ̀ ṣà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí òkè, ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìkarahun mu ẹ̀kọ. Ọmọ yìí fi ìkarahun tirẹ̀ sílẹ̀ fún oní-ọtí, ó tún fún un ní ṣéńjì.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ́ yín. Ẹ wá ìwé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì oníbàárà.

Ìgbín lẹ ó kọ́kọ́ bójú tó, torí òun ló ń gba àkókò. Ẹ fọ́ ọ, ẹ yọ ọ́, ẹ fi álọ́ọ̀mù tàbí òroḿbó wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí gbogbo omi yọ̀yọ̀ yẹn á fi kúrò lára ẹ̀. Ẹni tó bá ké igbe nígbà tó kàn án, kó rántí oríkì rẹ̀, kó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ẹ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú iyọ̀, àlùbọ́sà àti ata díẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Kó rọ̀ o, èmi ò ní kí ẹ gé eyín yín sí i.

Ẹ já ẹ̀bọ̀lọ̀. Jíjá yìí ni ẹ ó fi mọ ẹni tó fẹ́ràn yín nínú ilé, nítorí gbogbo ọmọ á rántí iṣẹ́ àmúrelé lójijì. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán tí adùn rẹ̀ á bá omi lọ. Ẹ bọ̀ ọ́ wéré nínú omi gbígbóná, ẹ fún un. Ata rodo, ṣọ̀mbọ̀ àti àlùbọ́sà, ẹ gún un, ẹ má lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹni fẹ́ fi kun ògiri. Ẹ gbé epo pupa kaná, kó gbóná, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó funfun. Epo tí ẹ bá sun di funfun, ẹ lọ fi din àkàrà. Àlùbọ́sà kọ́kọ́ wọlé, irú wooro tẹ̀ lé e, kí òórùn rẹ̀ dé ilé kejì kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ ń jẹun. Ẹ da ata sí i, kó yan dáadáa, kí omi rẹ̀ gbẹ. Ẹja gbígbẹ àti edé, tí agbára bá ká a. Ìgbín wọlé. Ẹ̀bọ̀lọ̀ ló gbẹ̀yìn, ẹ rò ó pọ̀, ẹ má dé e, ẹ kà á dé ogún, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Màgí mẹ́ta tí ẹ ti ń yọ́ dání láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, ẹ dá a padà sínú àpò. Mo rí yín.

Bí ẹ̀bọ̀lọ̀ ò bá sí, wọ̀rọ̀wọ́ gba iṣẹ́ yìí ṣe. Ó kàn nílò pé kí ẹ tún pè mí láti wá fi hàn yín. Tó bá di oṣù Keje tí àgbàdo tútù pọ̀ tán, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àbàrí, nítorí gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe sí àgbàdo ni kí ẹ fi àgbọn jẹ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì sọ ṣúkù rẹ̀ sábẹ́ tábìlì aládùúgbò yín.

Mo gbọ́ ohun tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn yẹn. Ó ní gbogbo rẹ̀ dáa, kí la ó wá fi jẹ ẹ́? Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ fẹ́ fi àmàlà jẹ ẹ́. Ó dáa, mo gbà, ẹ fi àmàlà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá gbọ́ pé ó bu ewédú lé e lórí, ìsọ̀ rẹ̀ ni mo máa dárúkọ níbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, àti iye tó ń pe léèsì tí kò tó ìlàjì owó yẹn.